Ẹ̀tù Inú Ìgò Jáàmù

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n gbáko ni Verlin Skogstad fi ń kọ̀wé sí ìjọba Montana pé kí wọ́n jẹ́ kí òun pa akọ ẹ́lìkì kan ṣoṣo ní àwọn gegele etí odò Missouri. Ẹ́lìkì ni àgbọ̀nrín tó ga tó ẹṣin, tí ìwo rẹ̀ yọ ẹ̀ka bí igi, àwọn tó wà ní gegele yẹn ló sì tóbi jù. Gbogbo ọdẹ ló fẹ́ wọn, nítorí náà kèké ni ìjọba máa ń ṣẹ́. Lọ́dọọdún ni lẹ́tà máa ń dé pé wọn kò mú un. Arlys ìyàwó rẹ̀ á fi lẹ́tà náà nu kọfí tó dà sórí tábìlì, á ní, "Verlin, àwọn ẹ́lìkì ní kí n kí ẹ o. Wọ́n ní o ṣeun, Ọlọ́run á tún fi ọdún mìíràn dá wa sí."

Lẹ́tà ti ọdún 2022 ló wá yàtọ̀. Verlin ṣí i níbi àpótí lẹ́tà lẹ́bàá ọ̀nà, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ti mú un. Ó yíjú sí ilé láti pariwo, ẹnu rẹ̀ ti là sílẹ̀ tán kó tó rántí pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé. Arlys ti kú láti oṣù kejì ọdún tó ṣáájú. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó wọlé, ó fi lẹ́tà náà sórí tábìlì, ó jókòó tì í títí kọfí rẹ̀ fi di omi tútù. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni. Ohun tó ti ń tọrọ láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú ló dé yìí, kò sì rí ẹni tí yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Ní ìlú wa, Dovre, bí òtútù bá ti sé gbogbo ènìyàn mọ́lé, yàrá abẹ́ ilé làwọn ọkùnrin máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ láti fọwọ́ ara wọn ki ọta ìbọn. Wọ́n á ṣa kòròfo idẹ tí wọ́n ti yìn jọ, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fi ìṣáná tuntun, idẹ péńpé tó ń ran iná mọ́ ẹ̀tù, sí ìdí rẹ̀, wọ́n á wọn ẹ̀tù lórí òṣùwọ̀n kékeré, wọ́n á rọ ọ́ sínú rẹ̀, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ tẹ ọta mọ́ ọn lẹ́nu. Iṣẹ́ ọkùnrin ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n nílé Skogstad, Arlys ni. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ, ẹ̀rọ irin bàbá rẹ̀ ló sì gbé wá sílé ọkọ nígbà táwọn ìyàwó ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé aṣọ àti àwo wá. Òun á máa wọn ẹ̀tù, Verlin á jókòó sórí àga kan nídìí àtẹ̀gùn, á máa ka ìwé ìròyìn sí i létí. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Bí àlejò bá ń yin Verlin nítorí ẹran tó pa, ẹnìkan nínú wa á ṣáà dá a lẹ́nu pé, "Má jẹ́ kó tàn ẹ́ jẹ o. Verlin ń yìnbọn ni, Arlys ló ń pa ẹran."

Òfin mẹ́ta ni Arlys kọ sára ògiri níwájú ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ìkíní, ẹ̀tù méjì kì í pàdé lórí tábìlì. Ìkejì, ẹ̀tù kì í kúrò nínú ike tí wọ́n fi tà á. Ìkẹta ló fi lẹ́tà gàdàgbà kọ: Ẹ̀TÙ TÍ KÒ LÓRÚKỌ, KORÍKO LÓ NI ÍN. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Ọ̀pọ̀ ẹ̀tù ló jọra lójú, wóró wóró dúdú bí irúgbìn, ṣùgbọ́n ìwà wọn kò jọra. Èyí tó wà fún ìbọn ìléwọ́ a máa gbiná lẹ́ẹ̀kan náà, tí ìbọn ọdẹ gbọọrọ a máa jó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á máa ti ọta lọ. Bí ènìyàn bá ṣèèṣì ki ti ìléwọ́ sínú ìbọn ọdẹ, ìbọn á fọ́ mọ́ ọn lójú. Nítorí náà, ẹ̀tù tí kò bá dá ọ lójú, má rò ó lẹ́ẹ̀mejì, bù ú dà sórí koríko. Koríko fẹ́ràn rẹ̀ bí ajílẹ̀, á tutù yọ̀yọ̀, á ṣú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ní Dovre, bí a bá rí ibi tí koríko ti ṣú dùdù níwájú ilé ẹnìkan, gbogbo wa la ti mọ̀ pé olúwarẹ̀ ti ṣe àìbìkítà pẹ̀lú ẹ̀tù. Irú koríko bẹ́ẹ̀ hù lẹ́ẹ̀kan rí níwájú ilé Wendell Kroeker, ẹni tó ń ta ìbọn àti ẹ̀tù fún gbogbo wa. Odidi ọdún kan ni Arlys fi ń bi í bóyá ó fẹ́ yá àgùntàn.

Ìbọn Verlin ti dàgbà, irú ọta tó ń lò kò sì wọ́pọ̀ mọ́. Àpótí tí Arlys ki kẹ́yìn ti tán lára àgbọ̀nrín ọdún 2021. Ẹ̀tù kan ṣoṣo ni ìbọn náà sì gbà bí ọmọ ṣe ń gba ọmú, èyí tí àwa ń pè ní Alámì Pupa. Lọ́dún yẹn, Alámì Pupa ti di àwátì. Láti ìgbà àrùn tó gba gbogbo ayé kan, ìbẹ̀rù ti mú káwọn ènìyàn kó gbogbo ẹ̀tù pamọ́, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é kò sì lè bá wọn sáré. Pákó lásán ló kù lórí àtẹ Wendell. Ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún màlúù àti ẹni tí owó ìfẹ̀yìntì nìkan ń bọ́, wọ́n jọ ń tò síwájú kátà. Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ.

"Alámì Pupa ńkọ́?" Verlin ti bi í tán kó tó ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀.

"O bi mí lọ́jọ́ Ajé, o bi mí lánàá," Wendell dá a lóhùn. "Verlin, tí ẹ̀tù bá ń hù nínú ilẹ̀ ni, mi ò bá ti gbìn ín. Kò sí. Gba èyí." Ó gbé ike kan ka kátà, àmì aláwọ̀ ewé wà lára rẹ̀. "Ó sún mọ́ tìyẹn, ó kàn lọ́ra díẹ̀ ni. Ìwé àwọn tó ṣe é nìyí. Ìwọ̀n tí wọ́n bá ní kí o fi bẹ̀rẹ̀ ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, kí o máa gùn ún díẹ̀díẹ̀, kí o máa wo ìdí idẹ bóyá agbára ẹ̀ ti pọ̀ jù. Àti pé, jọ̀ọ́, má lọ wo ìwé ara ògiri tó to ẹ̀tù bó ṣe ń yára sí. Pé orúkọ méjì jókòó ti ara wọn níbẹ̀ kò sọ wọ́n di ìbejì."

"Arlys ò lò ó rí."

"Arlys ò rí irú àsìkò yìí rí. Bí a ò bá rí àdán, à á fòòbẹ̀ ṣẹbọ."

"Mi ò fẹ́ òòbẹ̀ ẹ," Verlin sọ, ó sì jáde.

Agídí ni, a mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbà fún un díẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀tù ló ń wá. Ọkùnrin náà fẹ́ gun gegele yẹn pẹ̀lú nǹkan tí ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ti kàn ni.

Oṣù kẹsàn-án ló rí i. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ wo àgbékà tí Arlys máa ń to jáàmù sí, èyí tó fi ṣẹ́rì inú igbó sè, ó ń wá bóyá ó ku ẹyọ kan tó lè fi pa búrẹ́dì. Lẹ́yìn pátápátá, lẹ́yìn ìgò òfìfo mẹ́rin, ọwọ́ rẹ̀ ba ìgò kan tó wúwo. Ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Ẹ̀tù ni, ìgò kún dé ọrùn. Arlys ti lẹ téèpù funfun mọ́ ọn, ó sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé: Ti Verlin. Fún ẹ́lìkì.

Verlin jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó sunkún bí ọmọdé. Ayọ̀ ni, mo búra. Arlys ti mọ̀ pé kèké á mú un lọ́jọ́ kan! Ó mọ̀ pé òun ò ní sí níbẹ̀, ó sì ti tọ́jú Alámì Pupa pamọ́ dè é. Láti ọjọ́ ìsìnkú, ọjọ́ yẹn ni ilé náà kọ́kọ́ jọ ilé tí ènìyàn méjì ń gbé. Ó gbé ìgò náà gòkè, ó fi í sórí tábìlì ìjẹun, síbi tí Arlys máa ń jókòó, ó jẹ búrẹ́dì rẹ̀ lásán níwájú rẹ̀, kò sì sí jáàmù tó dùn tó o.

Lọ́jọ́ kejì ó jókòó sídìí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Láti ọdún mẹ́rìnlélógójì, àga yẹn kò gba ìdí rẹ̀ rí. Ó ṣí ìgò, ó gbóòórùn rẹ̀, òórùn náà mọ́, kò kan. Ó bù ú díẹ̀ sínú abọ́ òṣùwọ̀n. Nígbà tó gbójú sókè, òfin ìkejì ń wò ó lójú láti ara ògiri, ìkẹta tẹ̀lé e. Ẹ̀tù kì í kúrò nínú ike tí wọ́n fi tà á. Ìgò jáàmù rèé. Téèpù sọ ẹni tó ni ín, ó sọ ohun tó wà fún, kò sì sọ orúkọ rẹ̀.

"Tìrẹ ni," Verlin sọ fún ògiri. "Ìwọ fúnra ẹ lo kọ ọ́."

Ó fa ìwé tí Arlys máa ń kọ ìwọ̀n sí yọ, kó lè mọ iye tí yóò ki. Ó ṣí i síbi tó parí sí. Ní ojú ewé tó kẹ́yìn, ìlà kan náà ni Arlys kọ lẹ́ẹ̀mẹrin, ọ̀kan lábẹ́ èkejì, nọ́ńbà inú wọn kò sì dọ́gba. Oṣù kẹwàá ọdún 1988 ló kọ síwájú gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọdún 2020 ló kọ ọ́.

Verlin pa ìwé náà dé kíá, bí ẹni tó ṣèèṣì ṣílẹ̀kùn bá ẹni tó ń wẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé àdàpè olè ni "ọmọ mi ń fẹ́wọ́." Ní ìgbà òtútù tí Arlys lò kẹ́yìn, ó fi iyọ̀ sí kọfí, ó pe Verlin ní Norris, orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú, ó wọ bàtà òjò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn. Verlin pè é ní àárẹ̀. Ó ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á. Marit, ọmọ wọn kan ṣoṣo tó ń gbé ní Spokane, sọ ọ́ lórí fóònù láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: "Dádì, orí Mọ́mì ti ń dàrú. Ẹ jẹ́ ká mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà." Verlin ní, "Orí tìẹ ló dàrú," ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ọkàn Arlys dáwọ́ iṣẹ́ dúró nígbà tó ń sùn, kò sì sí dókítà tó yẹ orí rẹ̀ wò. Láti ìgbà náà, Marit ń pè lọ́jọ́ Ìsinmi. Ojú ọjọ́ ni wọ́n jọ máa ń sọ. Verlin ti sọ fún gbogbo wa, àní nígbà tí a kò bi í, pé ọpọlọ Arlys pé pérépéré títí dọ́jọ́ ikú.

Nítorí náà ẹ rí ibi tí ọ̀rọ̀ fẹjú sí. Tí ẹ̀tù inú ìgò bá dára, Arlys pé. Tí Verlin bá dà á nù, òun fúnra rẹ̀ ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kò pé.

Ó dúró fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin ó gbé ìgò náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù Wendell, ó ní ìṣáná lòun wá rà. Irọ́ ni, ìṣáná pọ̀ nílé. Ó gbé ìgò ka kátà bí ẹni pé ó kàn fẹ́ sinmi ọwọ́.

Wendell wo ìgò. Ó ka téèpù. Ó bọ́ dígí ojú rẹ̀.

"Ṣé o ti yìn nínú ẹ̀?"

"Rárá. Alámì Pupa ni. Arlys ló tọ́jú ẹ̀ dè mí."

"Ta ló sọ fún ẹ pé Alámì Pupa ni?"

"Kí lo tún fẹ́ kó jẹ́?"

Wendell jáde lẹ́yìn kátà. Ó lọ yí àmì ara ilẹ̀kùn padà pé wọ́n ti tì, aago mẹ́wàá òwúrọ̀ sì ni. Ó padà wá, ó fa àpótí kan jókòó lé.

"Verlin, ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ yìí. Oṣù kẹwàá tó ṣáájú ikú ẹ̀, Arlys wá síbí. Ike Alámì Pupa kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ mi, mo tà á fún un. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó tún wá. Ó ní òun wá ra Alámì Pupa. Mo ní, 'Ṣebí o rà á níjẹta?' Ó rẹ́rìn-ín, ó ní rárá o. Ó na ọwọ́ sórí àtẹ, ó mú ike dúdú kékeré. Ẹ̀tù ìbọn ìléwọ́. Mo ní, 'Arlys, èyí kọ́ o.' Ó wò mí. Ó ní, 'Wendell Kroeker, ìwọ tí koríko iwájú ilé ẹ ṣú, ìwọ ló fẹ́ kọ́ mi ní ẹ̀tù?'"

Bí Arlys ṣe máa ń sọ̀rọ̀ gẹ́lẹ́ ni. Verlin fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò jáde.

"Mo tà á fún un," Wendell ní.

"O tà á fún un."

"Ojú tì mí láti bá a jiyàn níwájú àwọn tó tò sẹ́yìn ẹ̀. Mo ní ó ṣeé ṣe kó mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe."

"O ò sì sọ fún mi! Ìyàwó mi ń gbé ikú wálé, o mọ̀, o sì ń bá mi sọ̀rọ̀ àlìkámà!" Verlin ti fi ọwọ́ lu kátà, ìgò náà mì.

Wendell jẹ́ kó parí. Ohùn rẹ̀ kò sókè rárá nígbà tó bi í pé, "Tí mo bá sọ fún ẹ, ṣé wàá gbọ́?"

Verlin gbé ọwọ́ kúrò lórí kátà. Ó rántí Marit lórí fóònù. Ó sì rántí ohun mìíràn tó ti fi tipátipá gbàgbé: ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sìnkú tán, tó lọ palẹ̀ yàrá abẹ́ ilé mọ́, ike òfìfo méjì ló bá lórí tábìlì iṣẹ́ Arlys. Ọ̀kan ní àmì pupa, èkejì dúdú, wọ́n jọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìdérí wọn ṣí sílẹ̀. Ẹ̀tù méjì lórí tábìlì kan, níwájú òfin ìkíní. Ó rí wọn, ó mọ ohun tó rí, ó sọ wọ́n sínú àpò ìdọ̀tí, kò sì sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè kan. Ike méjì ló wà nínú ìgò yẹn. Ẹ̀bùn ìfẹ́ ni, ọta kan ṣoṣo tí Verlin bá fi ki sì tó láti gbé orí rẹ̀ kúrò lọ́rùn.

Ó gbé ìgò náà mọ́ àyà.

"Fún mi ní Alámì Ewé yẹn, tí o ò bá tíì tà á."

Wendell bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ kátà, ó gbé ike náà jáde. Orúkọ Verlin ti wà lára rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Verlin kò wa mọ́tò lọ sílé. Ó gba ọ̀nà òkè lọ sí itẹ́ òkú ìjọ Lútérà, níbi tí afẹ́fẹ́ kì í ti í sinmi, tí koríko ti gbẹ, tó pọ́n. Ó dúró síwájú òkúta Arlys pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́, ó sì lọ́ra gan-an. Ohun méjì ló ń jà nínú rẹ̀. Bó bá dà á sínú igbó, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Bó bá dà á síbí, gbogbo Dovre á rí i nígbà tí yìnyín orí ilẹ̀ bá yọ́, ojú á sì ti Arlys nínú sàréè. Ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ ni. Ta ló tún yẹ kí koríko rẹ̀ gbà á?

"Ọlọ́run ló mọ̀ pé mi ò fẹ́ dà á," ó sọ fún òkúta. "Arlys, mo mọ̀. Ó pẹ́ tí mo ti mọ̀. Ó yẹ kí n ti gbé ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ̀rù ló bà mí." Ó ṣí ìgò, ó bẹ̀rẹ̀ sí fọ́n ọn pẹ̀lú ọwọ́, bí ẹni ń fọ́n àlìkámà fún adìẹ, títí kò fi ku wóró kan. Ó bó téèpù ara ìgò kúrò, ó fi í sínú pọ́ọ̀sì rẹ̀.

Oṣù kan ló fi kọ́ ohun tí ó ti ń wò fún ọdún mẹ́rìnlélógójì. Alámì Ewé nìkan ló wà lórí tábìlì. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n ìsàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwé ṣe wí, ó ki mẹ́ta mẹ́ta, ó ń lọ yìn wọ́n níbi kòtò tí wọ́n ti ń wa òkúta, ó ń ṣàyẹ̀wò ìdí idẹ kọ̀ọ̀kan bí ìyá tó ń wo eyín ọmọ. Nígbà tó gùn ún dé ìdajì, ọta mẹ́ta ṣùjọ sójú kan tí ìdérí ìgò jáàmù lè bò. Ó dúró síbẹ̀, kò wá èyí tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àga ìdí àtẹ̀gùn ṣófo lẹ́yìn rẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ wọ̀nyẹn. Ó gbìyànjú láti máa ka ìwé ìròyìn sókè lẹ́ẹ̀kan, ó rí i pé ìwà wèrè ni, ó dákẹ́.

Ọjọ́ kọkànlá oṣù kọkànlá ló pa á. Akọ ńlá, ìwo rẹ̀ méjèèjì yọ ẹ̀ka mẹ́fà mẹ́fà, ó dá dúró ní ẹ̀bá gegele kan nínú yìnyín tí kò tíì jìn. Ìbọn dún lẹ́ẹ̀kan. Ẹran náà rin ìgbésẹ̀ mẹ́rin, ó sì dùbúlẹ̀. Verlin yíjú sọ́tùn-ún láti sọ̀rọ̀. Afẹ́fẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi dúró de ìṣẹ́jú yẹn, ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni ìdánìkanwà rẹ̀ sì wúwo jù. Wendell ti bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun tẹ̀lé e, ó kọ̀. Ìrìn márùn-ún ló fi ru ẹran náà sínú mọ́tò, ọjọ́ méjì gbáko, àgbàlagbà bíi tirẹ̀.

Lórí òkè tí fóònù ti máa ń wọlé, ó pe Marit.

"Mo pa á."

"Dádì! Ṣé lóòótọ́? Ẹ̀yin àti ta ni?"

"Èmi nìkan." Ó fẹ́ sọ ìyókù. Ojú ọjọ́ ló bọ́ sí i lẹ́nu. "Yìnyín ń bọ̀ lọ́hùn-ún?"

"Ó ti bẹ̀rẹ̀," Marit dáhùn, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ẹ rọra wakọ̀."

Oṣù karùn-ún ni Marit tó ráyè wá. Ọjọ́ Sátidé ni, Wendell sì wà ní itẹ́ òkú, torí òun náà ló ń gé koríko ibẹ̀ fún ìjọ. Bí Marit àti bàbá rẹ̀ ṣe wọlé ló pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó bọ́ fìlà, ó lọ dúró sẹ́yìn mọ́tò rẹ̀ lọ́nà jíjìn.

Gbogbo itẹ́ òkú ṣì gbẹ, koríko kò tíì jí tán. Orí sàréè Arlys nìkan ló tutù yọ̀yọ̀, ó ga dé kókósẹ̀, ó ṣú dùdù. A sì ti rí i, gbogbo àwa tó gba ibẹ̀ kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan.

Marit dúró. Ọmọ Arlys ni, abẹ́ ògiri òfin mẹ́ta yẹn ló ti kọ́ ìwé kíkà. Ó wo koríko náà, ó yíjú sí bàbá rẹ̀.

"Ta ló ni ẹ̀tù yìí, Dádì?"

"Màmá ẹ." Verlin mú téèpù yọ nínú pọ́ọ̀sì, ó fi lé e lọ́wọ́. "Inú ìgò jáàmù ló rọ ọ́ sí. Méjì ló pò pọ̀. Kò lórúkọ."

Marit ka téèpù náà. Ó mọ ohun tó ná bàbá rẹ̀ láti dà á síbí, síta gbangba.

"Koríko ló ni ín," ó wí.

"Òótọ́ lo sọ fún mi nígbà yẹn," Verlin ní. "Èmi ni mi ò fẹ́ gbọ́."

Marit kò sọ pé kò burú, nítorí pé ó burú. Ó kàn jókòó sínú koríko ìyá rẹ̀, ó fa bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ títí òun náà fi jókòó, ó ní, "Ó yá, ẹ wá sọ bẹ́ ẹ ṣe pa ẹ́lìkì yẹn fún èmi àti Mọ́mì."